Ìyìn Tí Mo Gbé Mì Nítorí Àsmá'ù

Ilé Àlùfáà Ọláṣùpọ̀,
Ìwó, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Mùrí, ọmọ mi, akíkanjú tí ń gbé orúkọ wa ga lẹ́yìn odi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé ní Àbújá. Mo lérò pé ara rẹ le, pé iṣẹ́ sì ń lọ déédéé. Ní tiwa, èmi àti ìyá rẹ ń jí ire, a ń dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ Àsmá'ù, ọmọ rẹ tí ó wà lọ́dọ̀ wa, ni mo tìtorí rẹ̀ mú gègé. Nígbà tí o rí fọ́tò rẹ̀, tí o rí i pé eegun ọrùn rẹ̀ ti yọ, o ní kí n wá pàṣán, kí ó lè máa jẹun. Fi ọkàn balẹ̀. Ọmọ náà ti ń jẹun, pàṣán kọ́ ni ó sì ṣe é.

Ṣé o rántí bí ó ṣe gba ààwẹ̀ tí ó kọjá? Àwọn ọlọ́dún mẹ́jọ ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa sunkún omi bí oòrùn bá ti kan àtàrí, ṣùgbọ́n Àsmá'ù kì í bèèrè ohunkóhun. Gbogbo agbo ilé ń yìn ín, ohùn tèmi ni ó sì ròkè jù. Nígbà tí a túnu tán, tí àwọn ọmọ yòókù ṣùrù bo ẹran, ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní òun fẹ́ gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́fà ti Ṣáwàlù, oṣù tó tẹ̀lé oṣù ààwẹ̀, kún un. Omi ayọ̀ bọ́ lójú wa. Àwo ńlá tí àwọn ọmọ jọ ń jẹ ń padà sí ilé ìdáná lófìfo, a kò sì bèèrè ọwọ́ ta ni kò débẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwọn nọ́ọ̀sì dé iléèwé wọn. Wọ́n wọn àwọn ọmọ, wọ́n sì bi wọ́n ní oúnjẹ tí wọ́n ń sá fún àti ohun tó fà á. Nígbà tí ó kan Àsmá'ù, Nọ́ọ̀sì Tinúọlá, ọmọ tí a kọ́ tí ó gbẹ̀kọ́, ránṣẹ́ pè wá. Mo fi ìgbéraga sọ fún un pé alááwẹ̀ ni ọmọ wa. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé abẹ́ ààwẹ̀ ló sá sí.”

Àsmá'ù wolẹ̀, ó ní, “Ọ̀fun mi ló ń bà mí lẹ́rù.” Ìgbà náà ni mo rántí pé, kí ààwẹ̀ tó dé, egungun ẹja há a lọ́fun níbi ìkómọ ilé Àkànbí, aládùúgbò wa. A fún un ní òkèlè ẹ̀bà gbé mì, egungun náà lọ, a sì rẹ́rìn-ín. Egungun lọ, ẹ̀rù kò lọ. Láti ìgbà náà, ògì àti búrẹ́dì tí a rì sínú rẹ̀ nìkan ni ó ń gbà láàyè.

Nọ́ọ̀sì ní àìsàn ni, kì í ṣe oríkunkun. Ó darí wa sọ́dọ̀ dókítà, ẹni tí ó fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí a máa gbé oúnjẹ mìíràn díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògì rẹ̀, kí a má nà án, kí a má bẹ̀ ẹ́. Ó wá yíjú sí mi: “Bàbá, ẹ má sì yìn ín. Ìyìn náà ń wúwo lọ́fun rẹ̀.” Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ìró fi tú nídìí rẹ̀. Ó ní kí wọ́n kúkú ní kí àkùkọ má kọ mọ́.

Ní Jímọ̀ tí ó kọjá, mọ́ínmọ́ín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògì. Àsmá'ù bu ṣíbí kan, ó jẹ ẹ́ lẹ́nu pẹ́, ó gbé e mì. Ó tún bu òmíràn. Oríkì ìdílé wa ru dé ọ̀fun mi, ṣùgbọ́n mo tẹjú mọ́ àwo mi, mo gbé oríkì náà mì. Ọmọ náà wò mí, ó ní, “Bàbá àgbà, ṣé ẹ ò ní jẹ tiyín ni?” Ó sì fa mọ́ínmọ́ín mi sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé. Ìyìn tí n kò lè yìn ín lójú rẹ̀, ìwọ ni kí o bá mi gbà á: Àsmá'ù ọmọ Mùrí, akin kékeré tó dojú kọ ẹ̀rù pẹ̀lú ṣíbí! Ara ti tù mí wàyí.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí o jẹ èrè ọmọ. Ọ̀nà rẹ kò ní dí, oúnjẹ kò ní kọ ọ̀fun wa.

Èmi ni bàbá rẹ tí ń fi ọ́ yangàn,
Àlùfáà Ọláṣùpọ̀.

Àfikún: Bí o bá pè, bi í léèrè iléèwé àti kéwú rẹ̀, má mẹ́nu kan oúnjẹ. Ní ti pàṣán, ìyá rẹ ti fi lé ewúrẹ́ tí ó fẹ́ bá Àsmá'ù jẹ mọ́ínmọ́ín.