Ọ̀bẹ Tí Mo Wọn Èèkù Rẹ̀ Lójú Fóònù

Kabba,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn òjò.

Bíọ́lá ọmọ mi,

Okun o, bí a ṣe ń kíni nílé. Okun iṣẹ́, okun oòrùn Àbújá, okun àìfojúríra láti ọdún tó kọjá. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara rẹ le? Mo ní ìdí tí mo fi ń béèrè nípa ara rẹ, wàá rí i níwájú. Bí o bá béèrè tèmi, ara mi le, eyín mi pé àyàfi mẹ́ta, mo ṣì ń dá gbé jẹnẹrétọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé wá sábẹ́ páànù láìpe ẹnikẹ́ni. Kò kúkú sí ẹni tí ǹ bá pè. Olúwa tó dá wa sí di òní yóò dá wa sí di ọjọ́ tí a ó jọ jókòó, àmín.

Ilé wà bó ṣe wà. Atẹ́gùn òjò ṣí páànù kan lórí ilé ìdáná ìyá rẹ, mo ti kàn án padà. Ìyá Juliet tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ní kí n kí ọ. Àwọn ọmọ tirẹ̀ náà ti lọ tán, Juliet ló lọ kẹ́yìn, Lọ́kọ́ja ló wà, nítorí náà èmi àti òun la kù tí à ń kí ara wa lójú fèrèsé.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi gbé bírò nìyí. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn Àjíǹde, o sọ pé ọ̀bẹ tí o rà ní ṣọ́ọ̀bù tẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́ níbi tí o ti ń bẹ iṣu, o sì fi rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ James Gbádéyan, ọmọ ẹni tó ti gbẹ́ irin fún gbogbo ẹ̀rọ gàrí láti Kabba dé Ẹ̀kìnrìn-Àdè, ni ọ̀bẹ ń tẹ̀ mọ́ lọ́wọ́! Prámárì tíríì ni mo kà, o mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ yunifásítì tó wọ ilé iṣẹ́ mi lẹ́yìn ilé yìí tí kì í béèrè pé níbo ni mo ti kọ́ ọ. Mi ò kọ́ ọ níbì kankan, orí mi ni. Síbẹ̀, láti ogójì ọdún, mi ò ṣe ọ̀bẹ rí. Mo wá sọ fún ara mi pé èyí tí mo máa kọ́kọ́ ṣe, ti ọmọ mi ni, kì í sì í ṣe irú èyí tí wọ́n tò sórí àtẹ tí kò mọ ọwọ́ ẹni tó máa rà á. Ọwọ́ tìrẹ nìkan ni mo máa wọ̀n ṣe é, bí aṣọ tí télọ̀ rán.

Irin abẹ́ lọ́rì, sípíríǹgì, ni mo fi ṣe é. Mo fi ayùn irin gé e, mo fi fáìlì, irin eléyín tó ń jẹ irin, fá a fún ọjọ́ mẹ́rin títí ó fi rí bí ewé. Èyí àkọ́kọ́, mo fi sínú iná èédú títí ó fi pọ́n, mo tì í bọ omi, ó ké kèù, ó sì là. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èkejì, epo ni mo tì í bọ̀. Mo mú òòfà tó wà lẹ́yìn sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì tó bàjẹ́, ìgbà tí òòfà kò fa irin náà mọ́ ni mo mọ̀ pé iná ti wọ inú rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà mo rì í sínú yanrìn gbígbóná nínú agbada tí ìyá rẹ fi ń yan gàrí, títí ó fi ní àwọ̀ koríko ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó má baà le jù kó sì kán. Ọmọ mi, ó bẹ iṣu, ó gé ìwé, ó fá irun apá mi! Tí ìyá rẹ bá wà láyé ni, ì bá ti bú mi nítorí agbada yẹn. Mo tiẹ̀ dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń retí èébú náà.

Ó wá ku èèkù. Ṣé o rántí ọmọ odó ìyá rẹ, èyí tó là lọ́dún tó kú? Mi ò fi dáná. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń dì mú ti dán bíi gíláàsì. Ibi dídán yẹn kò gùn, mo wò ó dáadáa, èèkù méjì péré ló lè jáde níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ mọ ìwọ̀n ọwọ́ rẹ dájúdájú kí n tó gbé ayùn lé e.

Ìyá Juliet ló bá mi tẹ fóònù ní Sátidé yẹn tí a fi rí ojú ara wa. Nígbà tí mo ní kí o gbé ọwọ́ sókè, o rò pé mo ti ń lọ, o ń juwọ́, o ní ó dàbọ̀ Baba. Mo ní má mì, na ìka rẹ. Kálípà ni mo gbé lé ojú fóònù nígbà yẹn, irin ìwọ̀n mi tí kò parọ́ rí. Lẹ́yìn náà nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbé ọ lọ. Mo wo kálípà, mo nù ún, mo tún un wò. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kò fẹ̀ ju ìka mi méjì lọ! Mo ní Àbújá ti jẹ ọmọ mi tán. Mi ò jẹun lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ Ìsinmi mo bọ́ síwájú ìjọ, mo ní kí wọ́n bá mi gbàdúrà fún ọmọ mi tó ń rù, pàápàá lọ́wọ́. Pásítọ̀ kọjú sí ìhà Àbújá, gbogbo ìjọ ṣe àmín. Bí àwọn ará bá ń pè ọ́ láti béèrè bóyá o ti ń jẹun, ohun tó fà á nìyẹn, má bínú.

Mo wá gé èèkù náà sí ìwọ̀n tí kálípà sọ. Mo fi idẹ ẹ̀rọ omi àtijọ́ ṣe ìṣó rẹ̀, mo fi òróró pa á, ó ń dán. Mo gbé e lọ fún Ìyá Juliet kí ó lè yìn mí. Ó dì í mú, ìka méjì ló gbà, ó ní Bàbá Bíọ́lá, ọmọ jẹ́léósinmi wo lẹ ṣe ọ̀bẹ fún? Mo ní ìwọ̀n ọwọ́ Bíọ́lá gan-an nìyẹn, mo wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀. Ó ya fọ́tò ọwọ́ ara rẹ̀, ó gbé fóònù fún mi, ó ní ẹ wọ̀n ọ́n. Ọwọ́ Ìyá Juliet tó fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, ìka mi méjì! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rẹ́rìn-ín ní àgbàlá yìí.

Kì í ṣe ẹ̀bi mi. Kálípà ò parọ́, fóònù ló parọ́. Ohun tí kò yé mi títí di báyìí ni pé ohùn rẹ kì í kéré nígbà tó bá dé. Ohùn ń wá ní odindi, ara nìkan ni wọ́n ń dín kù lọ́nà. Ìgbà yẹn náà ni mo tó mọ ìdí tí owó tí o ń tẹ̀ ránṣẹ́ láti inú fóònù fi máa ń kéré kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mi ò bá ọ wí mọ́.

Èèkù kan ṣoṣo ló kù nínú ọmọ odó ìyá rẹ. Tí mo bá tún ṣì í gé, ó parí nìyẹn. Ìyá Juliet ní kí o gbé ọwọ́ lé ìwé, kí o fi bírò fa ìlà yí i ká, kí o fi rán Olúṣínà tó ń wa ọkọ̀ Àbújá. Mo ní rárá. Ìwé ò lè sọ bí ọwọ́ ṣe ń pa dé, ọwọ́ tó nà gbalaja kọ́ ló ń di ọ̀bẹ mú. Ó wò mí, ó ní ṣé ti èèkù nìkan ni? Mo ní kí ó lọ wo ọbẹ̀ rẹ̀ lórí iná.

Nítorí náà, wá. Ọjọ́ kan tó. Mo ti yọ èèkù kékeré náà kúrò, ọ̀bẹ rẹ wà ní ìhòòhò lẹ́nu fáìsì tí mo fi ń di irin mú, ó ń dúró. Èèkù kékeré wà nínú àpò ṣòkòtò mi, mo máa ń dì í mú nígbà mìíràn tí iṣẹ́ ò bá sí. Mo ti kó àwọn irin kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ. Bí o bá ní owó díẹ̀ fún mi láti fi ra epo jẹnẹrétọ̀ àti òkúta ìpọ́nbẹ tó dáa, jọ̀wọ́ má fi sínú fóònù, mú un lọ́wọ́ wá kí ó lè pé.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́. Ohun tí o bá dì mú kò ní tẹ̀, kò ní là. Ọkọ̀ tí yóò gbé ọ wálé kò ní kú sọ́nà. Bí Olúwa ṣe dá ọwọ́ rẹ gan-an, bẹ́ẹ̀ ni yóò jẹ́ kí n rí i.

Èmi ni bàbá rẹ,
James Gbádéyan,
ẹni tí kò sí irin tó lè dà á láàmú.

Mo gbàgbé nǹkan kan. Ìyá Juliet kà á fún mi lójú fóònù, lábẹ́ orúkọ rẹ ni wọ́n kọ ọ́ sí, “last seen”, pé wọ́n rí ọ kẹ́yìn ní aago méje àárọ̀ òní. Ibo ni wọn ì bá ti rí ọ bí kò ṣe nílé níbí? Mo wà nílé ní aago méje. Irin ni mò ń fá lọ́wọ́, bóyá ariwo fáìlì ni kò jẹ́ kí n gbọ́. Bí o bá tún dé, jọ̀wọ́ kan ilẹ̀kùn, kàn án kíkankíkan.