Ẹ̀mí Yín Á Lò Ó, Alhájì

Ṣọ́ọ̀bù Alhájì Buraimoh,
Rio, Libreville,
Gabon.
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún, 2025.

Adédàpọ̀, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Mo kí ọ, mo kí àwọn òbí rẹ, mo sì gbà á ládùúrà pé ara gbogbo yín le bí irin. Irin àtijọ́ ni mo ní lọ́kàn. Jọ̀wọ́, wá ibi jókòó sí kí o tó ka ìyókù, nítorí ọ̀ràn ńlá ti ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí wa. Iná kékeré kan, tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́, ti tàn níwájú dírẹ́bà nínú pikọ́ọ̀pù tuntun tí àbúrò bàbá mi, Alhájì Buraimoh, rà. Pupa ni iná náà.

O mọ̀ pé ẹja inú yìnyín ni Alhájì ń tà níhìn-ín, a sì máa ń gbé e lọ fún àwọn oníbàárà ní Okala àti Akanda. Pikọ́ọ̀pù tó ń lò tẹ́lẹ̀ ti pé ọdún mọ́kànlélógún. Okùn ló di ilẹ̀kùn rẹ̀ kan mú, ṣùgbọ́n kò dá a dúró lọ́nà rí. Èmi ni mo ní kó tà á. Mo ní ayé ti lọ síwájú. Mo ka ìwé gàráńtì ọkọ̀ tuntun náà fún un láti Faransé sí Yorùbá, mo kà á dùn-ún dùn-ún bí Lèmọ́mù lọ́jọ́ Jímọ̀: ọdún mẹ́ta gbáko, ohun tó bá bàjẹ́, ilé-iṣẹ́ ni yóò tún un ṣe, bí ọwọ́ ẹlòmíràn kò bá ṣáà ti kan ẹ́ńjìnnì. Alhájì fi fírémù sí ìwé náà, ó gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Mẹ́kà. Ó wá ta ti àtijọ́ fún Jean-Marc, ọmọ ilẹ̀ yìí kan tó ń gbé iyanrìn.

Lọ́jọ́ tí a ṣe sàráà ọkọ̀ tuntun, àwọn ará wa ní Rio jẹ àkàrà yó, wọ́n ní, "Ẹ̀mí yín á lò ó, Alhájì!" Ọ̀sẹ̀ kejì ni iná pupa tàn, ẹ́ńjìnnì gbóná, ó sì dá wa dúró lọ́nà Akanda. Jean-Marc ló fà wá padà, pẹ̀lú pikọ́ọ̀pù àtijọ́ wa. Bí a ṣe ń kọjá ní Rio lẹ́yìn okùn, àwọn tí kò rí àyè wá síbi sàráà ń juwọ́: "Ẹ kú ọkọ̀ tuntun o! Ẹ̀mí yín á lò ó!" Àdúrà ni, Alhájì kò lè má dáhùn. Ó ń ṣe àmín títí a fi dé gàráàjì.

Ní gàráàjì ilé-iṣẹ́ náà (n kò ní dárúkọ wọn, kí lẹ́tà yìí má baà dé kóòtù ṣáájú rẹ), ọ̀gá mẹkáníìkì kan wà tó ń jẹ́ Cyprien. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ funfun báláú, ìyẹn ì bá ti ta mí lólobó. Ó ki wáyà kọ̀ǹpútà bọ ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì ti tutù, kọ̀ǹpútà ní kò sóhun tó ṣe é. Cyprien rẹ́rìn-ín músẹ́: "C'est normal, patron." Ìyẹn ni pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la lọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló rí bó ṣe yẹ kó rí.

Adédàpọ̀, ìwọ ì bá rí àìsàn ọkọ̀ náà láti ẹnu ọ̀nà. Kílíìpù tó mú họ́ọ̀sì rádíétọ̀ ló dẹ̀, omi ń jò. Kí a fi súkúdíráfà yí i lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ti kán ọ̀dà pupa sórí rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bí ẹnìkan bá fọwọ́ kàn án. Bí ọ̀dà bá họ, gàráńtì kú. Mo bẹ Alhájì pé kó jẹ́ kí n yí i. Ó ní, "Qowiyyu, ṣé kì í ṣe ìwọ lo kàwé fún mi ni? Ohun tí o kà la ó tẹ̀ lé." Èmi tí polí fún ní ìwé ẹ̀rí lórí ẹ́ńjìnnì wá jókòó, mò ń wo omi bó ṣe ń kán.

Màdáàmù Antoinette, tó ní ilé oúnjẹ ní Akanda, ni oníbàárà wa tó pẹ́ jù. Nígbà kẹta tí ẹja rẹ̀ yọ́ sọ́nà, ó ṣí páálí, ó gbóòórùn, ó ní, "Alhájì, ẹja yìí ti kú lẹ́ẹ̀mejì. Bí ti Sátidé bá tún rí báyìí, ẹ má wá mọ́." Nígbà tó di Sátidé, bí Alhájì ṣe ń ṣe àlùwàlá, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo yí kílíìpù náà lẹ́ẹ̀kan. A dé Akanda, ẹja le gbagidi. Alhájì ní àdúrà òun ló gbà. Mo ní àmín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ayọ̀ náà fi gbé. Gíà kọ̀, kò wọlé mọ́, ohun tí kò bá kílíìpù tan rárá. Jean-Marc tún fà wá lọ. Cyprien ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì rí nǹkan láìlo kọ̀ǹpútà fún ìgbà àkọ́kọ́: ọ̀dà ti họ. Ó ní gàráńtì ti kú. Ó bi wá pé ta ló fọwọ́ kàn án. Alhájì ti búra pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án kí n tó nawọ́ sókè. Cyprien wò mí títí, ó kọ orúkọ mi àti nọ́ńbà fóònù mi sílẹ̀. Mo rò pé fún ọlọ́pàá ni.

Alhájì kò bá mi wí. Ì bá sàn kó gbá mi létí. Ó sọ fírémù náà kalẹ̀ lára ògiri, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Gba ìwé rẹ." Jean-Marc la ń háyà báyìí. Alhájì ń jókòó bí èrò nínú ọkọ̀ tó jẹ́ tirẹ̀ rí, ó ń fọwọ́ di okùn ilẹ̀kùn mú. Kò pè mí mọ́ pé ká lọ. N kò sì mọ ohun tí mo lè ṣe: mo fọwọ́ kàn án, ó bàjẹ́, n kò fọwọ́ kàn án, ó bàjẹ́.

Kí Ọlọ́run má gbé ohun tí ọwọ́ wa lè tún ṣe síbi tí ọwọ́ wa kò gbọdọ̀ dé. Kí ìrìn àjò rẹ má nílò okùn láéláé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí a jọ kọ́ ẹ́ńjìnnì,
Qowiyyu.

Àfikún: Mo ti lẹ lẹ́tà yìí pa kí fóònù tó dún. Kì í ṣe ọlọ́pàá ló pè, Cyprien ni. Mo tún ṣí i láti fi èyí sí i.

ÌKÉDE
Kí gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn mọ̀ pé láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Qowiyyu, tó kọ lẹ́tà òkè yìí, di mẹkáníìkì ní gàráàjì ilé-iṣẹ́ náà, lábẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Cyprien. Nítorí náà, gbogbo ẹ̀sùn inú lẹ́tà náà di òfo. Irinṣẹ́ tí a fún un: aṣọ funfun kan, ọ̀dà pupa agolo kan, búrọ́ọ̀ṣì kan. Bí Alhájì Buraimoh bá béèrè pikọ́ọ̀pù rẹ̀, èsì tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí ni pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.