Igi Ọsàn Méjì ní Etí Ìgboro Kétu

Ilé Ìgbẹ̀bí,
Kétu,
Dahomey.
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Máàsì, 1963.

Thérèse, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Kùtọnu? Ọkọ wa Pierre ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í sílẹ̀? Albertine ọmọ wa ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun, àbí ẹja inú ọbẹ̀ nìkan ló ṣì ń ṣà jẹ? Ìyá wa ní Pobè ńkọ́? Mo kí wọn, mo tún wọn kí. Èmi náà wà, ara ń ṣe bí ara. Àìsàn kankan kò ṣe mí, àfi ti ẹnu tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ ọjà. O ní ọkọ wa fẹ́ fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, pé ó ń wá ibi tí yóò kọ́lé sí, tí yóò dáko, tí yóò sin adìẹ, ṣùgbọ́n kí ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn má jìnnà. Nígbà tí ilẹ̀ ẹbí rẹ̀ ní Pobè sì ti pín tán mọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ ní kí n bá yín wo Kétu. Bí mo ṣe kà á débẹ̀, mo pariwo "Yéè!" tó bẹ́ẹ̀ tí Ìyá Ràmọ́nù, aládùúgbò mi, sáré wọlé, ó rò pé ẹnìkan ló kú. Mo ní ayọ̀ ni. Ó ní kí n rọra máa yọ̀ o.

Ó dáa, ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Ilẹ̀ Kétu dára. Pupa ni, àgbàdo ń ṣe níbẹ̀, ẹ̀wà ń ṣe, ẹ̀gẹ́ ń ta. Ilé-ìwé wà, ṣọ́ọ̀ṣì wà, ọjà sì ń kún, àwọn ará Odomèta àti Kpankou ló ń ru iṣu wá. Ṣùgbọ́n omi! Hàà, Thérèse, omi! Orí òkè la wà níbí. Kànga jìn débi pé bí o bá ju korobá sí i, wàá ti gbàgbé ohun tí o wá ṣe kí o tó gbọ́ ìró rẹ̀. Omi òjò orí páànù la ń gbe sínú àgbá àti ìkòkò, òun náà la ó máa ṣún mu títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi lọ. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, omi tí mo fi ṣan ìrẹsì ni mo fi fọ ẹsẹ̀. Ìwọ tí ò ń wẹ̀ láàárọ̀, tí ò ń wẹ̀ lọ́sàn-án, ṣé ò ń gbọ́? Kí ọkọ wa má sọ lọ́la pé n kò sọ fún òun.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà, èmi gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí. Nígbà tí ìjọba gbé mi wá ṣiṣẹ́ agbẹ̀bí níbí, mo tọ Bàbá Èṣùgbàyí lọ, olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ etí ìgboro lọ́nà Okpomèta. Wọ́n yá mi ní ààyè kan, wọn kò gbà ju obì lọ. Wọ́n ní kí n kọ́ yàrá sí i, kí n gbin ohunkóhun tí mo bá fẹ́ jẹ. Mo kọ́ yàrá méjì. Àgbàdo ṣe, ẹ̀wà ṣe, ni ọ̀rẹ́ rẹ bá sọ ara rẹ̀ di onílẹ̀. Mo tọrọ ọmọ igi ọsàn méjì lọ́wọ́ àwọn fadá ìjọ Àgùdà, mo gbìn wọ́n síwájú ilé kí n lè rí ibòji jókòó sí. Mo mọ̀ pé ẹni tí wọ́n yá nílẹ̀ kì í gbin igi sí i. Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Pobè? Ṣùgbọ́n mo wo ọ̀nà gbòòrò tí kọ́mándà, òyìnbó aláṣẹ ìjọsí, là, mo wo páànù tó ń dán, mo wo àsíá tuntun, mo ní ìgboro nìyí, òfin oko kò dé ibí mọ́. Àgbàdo bo àwọn igi náà mọ́lẹ̀. Nígbà tí a kórè tán, tí ilẹ̀ ṣí, gbogbo ayé rí wọn.

Bàbá wá lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn mísà. Wọ́n jókòó, wọ́n béèrè iṣẹ́ mi, wọ́n béèrè ìyá mi, kódà wọ́n béèrè adìẹ mi. Wọ́n wá dìde, wọ́n fa igi méjèèjì tu jẹ́jẹ́, tòun ti gbòǹgbò, wọ́n tẹ́ wọn sí ẹnu ọ̀nà mi. Ohùn wọn kò ga rárá. Wọ́n ní, "Agbẹ̀bí, àgbàdo a máa lọ, igi a máa dúró. Ìwọ ńkọ́, ṣé ò ń lọ ni àbí ò ń dúró?" Wọ́n ní àwọn kò kọ̀ kí n gbin igi, ṣùgbọ́n ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Kí n mú ènìyàn mi wá, ìbáà ṣe ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ ìyá, ìbáà ṣe ọ̀rẹ́ tó fẹ́ dúró, àwọn yóò fún wa ní ilẹ̀ tí a lè pè ní tiwa níwájú àwọn àgbà. Bí òjò bá wá balẹ̀ tí n kò rí ẹnìkankan mú wá, kí n gbin àgbàdo tọdún yìí, kí n kórè, kí n sì yọ̀ǹda ààyè náà fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn tó ń bọ̀ wá kọ́lé.

Mo sunkún lọ́jọ́ náà, n kò ní purọ́ fún ọ. Kì í ṣe nítorí ọsàn. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè, n kò sì rí ẹni tí mo lè bojú wò kí n tó dáhùn. Púpọ̀ nínú ọmọ tó ń ké ní Kétu yìí, ọwọ́ mi ni wọ́n bọ́ sí. Bí mo bá ń lọ lọ́nà, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o!" kò jẹ́ kí n rìn. Àfi bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kóówá a wọ agbo ilé rẹ̀, èmi a wọ yàrá mi. Ìyá Ràmọ́nù a máa bu ọbẹ̀ wá, Ọlọ́run á san án fún un, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ kì í jẹ́ kó jókòó pẹ́. Mo ti ń bá adìẹ sọ̀rọ̀, Thérèse. Àkùkọ kan wà tí mo sọ ní Pierre, kí ọkọ wa má bínú, òun ló ń dá mi lóhùn jù.

Kí ọkọ wa wá wo ibí fúnra rẹ̀ kó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kó fa korobá kan láti inú kànga yẹn, kí apá rẹ̀ jẹ́rìí. Bá mi kí i, bá mi kí Albertine, kí o sì kí Honorine aránṣọ bí o bá ń kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá Ràmọ́nù ní kí n kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́ rí.

Ó yẹ kí n parí ọ̀rọ̀ mi bí ọmọlúàbí, kí n ní kí ẹ má torí tèmi wá, kí ẹ ro ti ara yín. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, mo sì fà á ya. Irọ́ ni. Ẹ torí mi wá.

Tìrẹ ni mí títí,

Agathe.