Bí Mo Ṣe Pààrọ̀ Gééjì Píkọ́ọ̀pù Wa

Ẹlẹ́rọ mi, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ púpọ̀. Mo lérò pé lẹ́tà yìí yóò bá ọ nínú ìlera, àti pé iṣẹ́ kò gba gbogbo oorun ojú rẹ. Àlàáfíà ni a wà nílé. Ìyá rẹ ń jẹun, ó ń sùn, ó sì ń bá mi jà, nítorí náà mọ̀ pé ara rẹ̀ ti yá. Ọ̀rọ̀ píkọ́ọ̀pù wa ni mo fẹ́ sọ fún ọ, kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ, ẹni tí yóò bu iyọ̀ sí i.

O mọ̀ pé àwọn gééjì inú ọkọ̀ náà ti kú tipẹ́. Èyí tó ń sọ iye epo ti sùn sílẹ̀ láti ọdún tí o wọ yunifásítì. Èyí tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná sí, ìgbà tó bá wù ú ló ń dìde. O sọ fún mi lórí fóònù pé, "Bàbá, ẹ má fọwọ́ kàn án. Tí mo bá gba ìsinmi, màá wá ṣe é láàárọ̀ ọjọ́ kan péré." Mo ní mo ti gbọ́. Irọ́ ni, n kò gbọ́. Ó ń ká mi lára pé ọmọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ táyà ni yóò wá máa sọ ohun tí n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn nínú ọkọ̀ tí mo ti ń wà láti ọdún mẹ́tàlélógún.

Mo bá lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń tú ọkọ̀ àlòkù tà lẹ́yìn ibùdókọ̀, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Kòsíwàhálà. Ó yọ odindi ojú gééjì kan jáde lára píkọ́ọ̀pù tó kéré sí tiwa lọ́jọ́ orí. Mo bi í pé ṣé yóò bá tiwa mu. Ó ní, "Kò sí wàhálà, Bàbá. Ìyá kan náà ló bí wọn."

Ìyá kan náà kọ́ ló bí wọn o! Láti àárọ̀ Sátidé ni mo ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ sítíárìn, orí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi níta bíi ti ẹni tí mọ́tò gbá. Wáyà mọ́kànlá ló jáde lẹ́yìn gééjì àtijọ́. Ihò mẹ́sàn-án péré ló wà lẹ́yìn tuntun. Àwọ̀ wọn kò bára mu rárá. Méjì tiẹ̀ ti ṣá débi pé n kò mọ̀ bóyá pupa ni wọ́n tẹ́lẹ̀ ni àbí búráùn. Ìyá rẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá Ẹlẹ́rọ, ẹ jẹ́ ká pe ọmọ yìí." Mo ní kó má dá sí i. Mo so àwọn tó jọra mọ́ra. Ìyókù, òye ni mo fi so wọ́n. Nígbà tí mo yí kọ́kọ́rọ́ nírọ̀lẹ́, iná tàn yòò, gbogbo abẹ́rẹ́ dìde bí ọmọ iléèwé tó rí tíṣà. Mo pe télọ̀ iwájú ilé wa wá wò ó.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ojú ìyá rẹ, èyí tí a ti ń retí láti oṣù méje. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n dá fún wa. Bí a ṣe ń gun òkè gígùn ọ̀nà ilé ìwòsàn yẹn, mo rí i pé epo ń pọ̀ sí i. Mò ń wakọ̀, epo ń pọ̀ sí i! Mo ní bóyá gééjì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí ni. Èyí tó ń sọ ti ooru wà nísàlẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìyá rẹ, tí kò lè rí gééjì kankan, gbé ọwọ́ lé dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ní, "Ẹ dúró. Ẹ́ńjìnnì yìí ń jóná, mò ń gbóòórùn rẹ̀." Mo ní gééjì sọ pé kò gbóná. Ó ní, "Ṣé gééjì lẹ gbà gbọ́ ni àbí èmi?" Mo ń wakọ̀ mi lọ. Kò pẹ́ tí èéfín funfun fi bo gíláàsì iwájú.

Ìwọ á ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ti so wáyà epo mọ́ gééjì ooru, mo so wáyà ooru mọ́ gééjì epo. Ohun tí mo pè ní epo tó ń pọ̀, ẹ́ńjìnnì tó ń hó ni. Ohun tí mo pè ní ẹ́ńjìnnì tó tutù, epo tó ń tán lọ ni.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ń bú Kòsíwàhálà, mo ń bú wáyà, mo ń bú àwọn tó ṣe ọkọ̀. Ìyá rẹ kò bú ẹnikẹ́ni. Ó fi ọwọ́ tọ ara ọkọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ títì, ó ń na ọwọ́ sí ìró mọ́tò tí kò lè rí. Ọmọ mi, ìyẹn dùn mí ju ẹ́ńjìnnì lọ. Ọkọ̀ búrẹ́dì kan dúró, ó gbé wa láàárín búrẹ́dì gbígbóná. A pẹ́. Nọ́ọ̀sì ní wọ́n ti fi àyè ìyá rẹ fún ẹlòmíràn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé wáyà fún un, èyí tó ṣá àti èyí tí kò ṣá, títí ó fi ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, màá bá dókítà sọ̀rọ̀." Ìyá rẹ ni wọ́n ṣe kẹ́yìn, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó yọrí sí rere. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì ojú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó wò mí pẹ́, ó ní, "Háà, ẹ mà ti gbó o."

Mo fẹ́ bínú, àmọ́ òótọ́ ni. Wọ́n ti wọ́ ọkọ̀ náà wálé, n kò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Jọ̀ọ́, gba ìsinmi rẹ kí o wá tún un ṣe. Ìwọ ni kí o wọ abẹ́ sítíárìn; èmi yóò di tọ́ọ̀ṣì mú, n ó sì panu mọ́. Ti tọ́ọ̀ṣì yẹn nìkan ló dá mi lójú.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Ọwọ́ rẹ kò ní kọṣẹ́. Àwọn tí o ń bá ṣiṣẹ́ yóò máa gbọ́ ìmọ̀ràn rẹ nígbà tí o bá fún wọn, wọn kò ní dúró dìgbà tí èéfín bá yọ.

Èmi ni bàbá rẹ, tó fẹ́ràn rẹ, bí kò tilẹ̀ gbọ́ràn.

Àfikún: Tí o bá ń bọ̀, má retí pé n ó wá gbé ọ ní ibùdókọ̀. Ìyá rẹ ní òun fúnra òun yóò fi ẹsẹ̀ rìn wá pàdé rẹ, kí n jókòó sílé.