Lẹ́tà Tí Wọ́n Ní Kí Abibat Gbà

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta 2025

Ìwé kan dé láti káńsù láàárọ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò tíì mọ ohun tí mo kà. Ó ní láti òní lọ, obìnrin yòówù tó bá fẹ́ gba oògùn tàbí abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí ní ilé ìwòsàn wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ olórí ẹ̀sìn rẹ̀, pásítọ̀ tàbí lèmọ́mù, pé ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò máa wá ka oògùn tó jáde, láti fi wé iye lẹ́tà. Nísàlẹ̀: orúkọ alága, àti ti "Ìgbìmọ̀ Ìmọ̀ràn Ẹ̀sìn". Fíkà, àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì wa, ni nọ́mbà kejì níbẹ̀.

Ìdáhùn Àdúrà ni mò ń pe alága nínú ìwé ìrántí mi yìí. Ohun tó wà lára pósítà rẹ̀ nìyẹn. Ní oṣù kọkànlá, ó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó kúnlẹ̀, Fíkà gbàdúrà lé e lórí, ó ní ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run ni ká dìbò fún. Mo dìbò fún un. Mo tiẹ̀ jó.

Ọdún méjì péré ló kù kí n fẹ̀yìntì.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹta

Ọjọ́rú Eléérú. Eérú wà níwájú orí mi, mo ń dá obìnrin padà sílé. Mẹ́rin. Ọ̀kan bi mí bóyá èmi náà gba lẹ́tà nígbà tí mo wà lọ́mọge.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹta

Abibat wá. Ẹja yíyan ló ń tà ní Makun-Omi. Ọmọ mẹ́fà. Èmi ni mo gbẹ̀bí ìkẹfà — ẹ̀jẹ̀ kò dá, ọkọ̀ ojú omi la fi sáré gbé e kúrò níbí. Dókítà sọ fún un lójú mi ní ọsibítù ńlá pé bó bá tún lóyún, ó lè bá a lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru tún wà níbẹ̀. Oògùn oníhóró kan ṣoṣo ló bá ara rẹ̀ mu, ọ̀dọ̀ wa nìkan ló sì ti ń rí i. Èyí tí àwọn kẹ́mísì ń tà kò dára fún un. Oṣooṣù ló ń wá. Mukhtar, ọkọ rẹ̀, ló máa ń rán an létí kó tó wọ ojú omi lọ pẹja.

Mo ní kó lọ gba lẹ́tà lọ́wọ́ Lèmọ́mù. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ìgbà tó rí i pé n ò rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mátírọ́ọ̀nù, nínú ààwẹ̀ yìí, kí n lọ dúró níwájú Lèmọ́mù kí n máa ròyìn ohun tó wà láàárín èmi àti ọkọ mi?"

Mo ní òfin ni. Olójú-Mẹ́rin, ẹni tí káńsù rán wá ka oògùn, wà ní yàrá kejì. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń ka páálí: ẹyọ kan, ẹyọ kan.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹta

Lẹ́yìn ìsìn mo lọ bá Fíkà. Ìjà ni mo bá lọ. N kò rí i jà. Ọmọ ìlú Awa yìí ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé Ògoolúwa ọmọ mi lọ sí ọsibítù lọ́dún tí ìfun rẹ̀ fẹ́ bẹ́, tó jókòó tì mí títí ilẹ̀ fi mọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá a jà?

Ó ní, "Ìyá Ìjọ, àbí ẹ ti gbàgbé? Ẹ̀yin lẹ dìde ní ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìyá, tẹ́ ẹ ní àwọn ọmọge tí kò tíì relé ọkọ ń wá gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ yín bí ẹni ń ra gúgúrú. Ọ̀rọ̀ yín la kọ ránṣẹ́ sí alága."

Òótọ́ ni. Mo sọ ọ́. Inú ń bí mi lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ṣé mo ní kí wọ́n sọ ọ́ dòfin ni? Kí ni mo fẹ́ gan-an? N ò rántí. Mo rántí pé wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kẹta

Tíṣà — Adéníran ọkọ mi, ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìjọba — ti lọ wá ìwé òfin ilẹ̀ wa jáde. "Ìyá Ògo, ó wà níbí. Ìjọba kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kankan di ti ìjọba."

Mo ní wọn ò mú ẹ̀sìn kan. Onígbàgbọ́ wà níbẹ̀, Mùsùlùmí wà níbẹ̀.

"Wọ́n ti mú méjì nìyẹn." Ó ní ẹni tí kì í lọ síbì kankan ńkọ́? Mo ní ta ni kì í lọ síbì kankan nílùú yìí? Ó wò mí. Ó tó ọdún mẹ́rin tí Tíṣà ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì gbẹ̀yìn. Mo gbàgbé, èmi tí mò ń bá a gbélé kan náà.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹta

Abibat padà lọ bá Lèmọ́mù Àlímì, kò kọ lẹ́tà fún un. Mo rò pé ó lòdì sí oògùn náà ni. Mo lọ fúnra mi lẹ́yìn ìrun Àsárì, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dókítà lórí ahọ́n mi.

Kò lòdì sí i rárá! Ó ní bí ẹ̀mí obìnrin bá wà nínú ewu, kí ó lo oògùn rẹ̀, Ọlọ́run kò bínú. "Ṣùgbọ́n n ò ní kọ lẹ́tà, Ìyá. Bí mo bá kọ ẹyọ kan, mo ti gbà pé wọ́n láṣẹ láti bi mí léèrè. Lónìí oògùn ni. Lọ́la wọ́n á ní kí n kọ orúkọ ẹni tí kì í kírun. Wọn ò ní sọ mọ́ṣáláṣí di ọ́fíìsì káńsù."

Ó tọ́. Gbogbo ohun tó sọ ló tọ́. Tíṣà pàtẹ́wọ́ nígbà tí mo rò ó fún un. Oògùn Abibat ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi.

Fíkà tí ó fẹ́ òfin náà ló ń kọ lẹ́tà fún gbogbo ẹni tó bá wá. Lèmọ́mù tí kò fẹ́ ẹ ni kò kọ. N ò mọ ẹni tí mo lè dá lẹ́bi mọ́.

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kẹta

Mo sọ ọ̀rọ̀ Abibat fún Fíkà. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ó ti fa bébà yọ. Ó kọ ọ́ pé ọmọ ìjọ wa ni. Ó ní Ọlọ́run rí ọkàn òun.

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré. Abibat kà á níwájú iná ẹja. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. "Kí n sọ pé onígbàgbọ́ ni mí? Nínú Ramadan?"

Inú bí mi. Mo ní ìwé lásán ni, kò sí ẹni tó máa rì í bọmi.

Ó ní, "Bó bá jẹ́ ìwé lásán ni, Mátírọ́ọ̀nù, kí ló dé tí ẹ ò lè fún mi lóògùn láìsí i?"

Mo ká lẹ́tà náà sínú báàgì, mo lọ sílé.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Oṣù Kẹta

Ìtunu ààwẹ̀. Mukhtar ti dé láti ojú omi. Wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹran ránṣẹ́ sí mi, abọ́ ńlá. Tíṣà jẹ ẹ́. Èmi ò lè jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Kẹrin

Mo fi páálí oògùn kan sínú báàgì. Mo dé ìta ilé Abibat. Mo gbọ́ ẹ̀rín Mukhtar nínú ilé. Mo ronú kan Olójú-Mẹ́rin, mo ronú kan ọdún méjì tó kù. Mo padà.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Oṣù Kẹrin

Olójú-Mẹ́rin ka oògùn. Ó pé. Ó yìn mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Kẹrin

A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe Àjíǹde tán ni. Abibat wá, ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní òórùn ẹja ń lé òun kúrò nídìí iná. Àwa méjèèjì ti mọ̀ kí n tó yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Ìlà méjì. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga ju bí mo ṣe rò lọ.

Kò sunkún. Ó bi mí bóyá kí òun ṣì yan ẹja tó wà nílẹ̀ tán.

Obìnrin mẹ́ta ń dúró níta. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo fún wọn ní tiwọn. N kò bi wọ́n léèrè lẹ́tà. Kí Olójú-Mẹ́rin wá kà á. Ṣé ìgboyà nìyí? Ìgboyà tó dé lẹ́yìn oyún, kí ni wọ́n ń pè é?

Ọjọ́rú, 23 Oṣù Kẹrin

Mo sọ fún Fíkà. Kò sọ ẹsẹ Bíbélì kankan. Ó bi mí aago mélòó la fẹ́ gbéra lọ sí ọsibítù ńlá.

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Kẹrin

A gbéra láàárọ̀ kùtù. Fíkà ló wa mọ́tò. Nígbà tí a máa kọjá níwájú mọ́ṣáláṣí, Lèmọ́mù Àlímì, tí Mukhtar ti sọ fún, ti dúró sẹ́bàá títì, ó ní òun náà ń bọ̀. Ó jókòó níwájú. Abibat, Mukhtar àti èmi wà lẹ́yìn. Mukhtar di ọ̀rá mú, ìyàwó rẹ̀ ń bì sínú rẹ̀. Bí a ṣe lọ nìyẹn títí dé ọsibítù ńlá.

Dókítà tí a bá níbẹ̀ kò tíì ju ọmọ mi lọ. Ó wọn ìfúnpá lẹ́ẹ̀mejì, ó ní Abibat kò ní padà sílé lónìí, pé àwọn àgbà dókítà máa jókòó lórí ohun tí wọ́n máa ṣe kí ìyá má baà kú. Ó ṣí fáìlì àtijọ́. Ó rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nígbà náà. Ó gbójú sókè, ó wo gbogbo wa: Fíkà pẹ̀lú kọ́là ọrùn rẹ̀, Lèmọ́mù pẹ̀lú tẹ̀sùbáà, èmi nínú aṣọ iṣẹ́ mi.

"Ta ló ní kó má lo oògùn rẹ̀ mọ́?"

Fíkà wo ilẹ̀. Lèmọ́mù wo ilẹ̀. Èmi náà wo ilẹ̀.

Abibat ló dáhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n bá ẹnikẹ́ni wí. "Kò sí ẹni tó ní kí n má lò ó, dókítà. Wọ́n kàn ní kí n lọ gba lẹ́tà ni."