Bàtà Ẹsẹ̀ Òsì

Ìyá Abọ́sẹ̀dé mi,

Ṣé ara le? Àlàáfíà la wà ní Ajah. Ọkọ̀ ọtomátíìkì tí ọmọ wa ní kí n máa fi gbé Oyinkọ́lá lọ síléèwé dára púpọ̀, kò ní kílọ́ọ̀ṣì rárá. Ẹsẹ̀ òsì mi tó ti fi ogójì ọdún tẹ kílọ́ọ̀ṣì nìkan ni kò tíì gbà bẹ́ẹ̀. Mo máa ń bọ́ bàtà rẹ̀ kí n tó wakọ̀, kó lè rántí pé òun kò níṣẹ́ mọ́.

Lónìí, sùtánà ni mo wọ̀ bí èmi àti Oyinkọ́lá ṣe ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. O mọ̀ pé a kì í wọ bàtà sí i. Ẹsẹ̀ méjèèjì wà lásán, ti òsì sì gbàgbé. Ó ń wá kílọ́ọ̀ṣì, ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ọkọ̀ dúró lójijì láàrin títì. Tírélà tó wà lẹ́yìn wa yà bàrá.

Oyinkọ́lá bú sẹ́rìn-ín: "Gránpà, ẹ tún un ṣe!"

Kò sí nǹkan kan o. N kò tíì sọ fún Abọ́sẹ̀dé.

Kí ará ilé. Bá mi kí Wòlíì, kí wọ́n gbàdúrà fún wa lọ́la ní aago méje àárọ̀ gan-an, tí mo bá ń gbé Oyinkọ́lá lọ síléèwé. Má sọ ìdí rẹ̀.

Ọkọ rẹ,
Odùkọ̀yà