Ojú Tí Mo Yá Manichanh ní Ing Hang

                                        Ẹ̀bá Odò,
                                        Ilé kejì sí Wat Sayaphoum,
                                        Savannakhet, Laos.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kejì, ọdún 2016.

Oudone, ọ̀rẹ́ mi àtijọ́,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ọmọ ńkọ́? Orúnkún tí kì í jẹ́ kí o jókòó sílẹ̀ ní tẹ́ḿpìlì, ṣé ó ti dẹwọ́? Má fi òtútù àárọ̀ Paksé ṣeré o. Oṣù méjì tí n kò fi gbúròó rẹ yìí, mo ti sun òkú rẹ lẹ́ẹ̀mẹta nínú ọkàn mi.

Ọ̀rọ̀ ojú Manichanh ìyàwó mi ni mo fẹ́ sọ. O mọ̀ pé ti ọ̀tún ti kú. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, wọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún ti òsì ní ilé ìwòsàn kan ní òdìkejì odò. Dókítà ní ó lè là, ó sì lè ṣú pátápátá. Wọ́n ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún oorun tó ń sá fún mi? Manichanh kò sunkún. Ohun tó kàn sọ ni pé kí a gbé òun lọ wo àwọn ibi mímọ́ agbègbè wa kí ọjọ́ náà tó pé.

Vilay ọmọ wa ló wakọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sọ̀ kalẹ̀ wo táyà. Ní Heuan Hin, àwókù ilé òrìṣà olókùúta yẹn, Manichanh ń fi ọwọ́ pa àwọn òkúta àtijọ́ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan títí oòrùn fi mú. A jẹ adìyẹ sísun àti ìrẹsì inú agbọ̀n lẹ́bàá ọ̀nà, a sì forí lé Ing Hang, níbi tí ilé ṣóńṣó mímọ́ wà.

Obìnrin kì í sáà wọ àgbàlá inú níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu géètì, ó kó òdòdó àti àbẹ́là lé mi lọ́wọ́. Mo wọlé, mo gbàdúrà, mo jáde. Ó bi mí ohun tí mo rí. Mo ní ó dára. Ó ní báwo ló ṣe dára? Oudone, mo jẹ́wọ́ òtítọ́ fún un. Ogójì ọdún ni mo ti ń wọ ibẹ̀, bàtà tí mo bọ́ sẹ́nu ọ̀nà ni mo máa ń rò, bóyá wọ́n ti jí i. Alákàn fi ojú ṣọ́ orí, èmi fi tèmi ṣọ́ bàtà.

Ó rẹ́rìn-ín. “Bàbá Vilay,” ó ní, “ẹ gbé bàtà yẹn wá kí n bá yín dì í mú. Ẹ padà lọ wò ó fún mi.”

Mo padà. Mo rọra yí ilé ṣóńṣó náà ká lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo jáde, mo sọ fún un nípa obìnrin òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tí imú rẹ̀ ti fọ́ tó sì ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀. Mo sọ nípa àwọn ère Búdà tó tò yí ògiri ká, tí ẹnì kan ti fi ìborùn ọmọdé wé ọ̀kan lọ́rùn nítorí òtútù. Mo sọ nípa èèrà tó ń ru ìrẹsì ọrẹ gun àtẹ̀gùn. Ó pa ojú dé, ó ń gbọ́. Ó bi mí bóyá obìnrin òkúta yẹn lẹ́wà ju òun lọ. Mo ní imú tirẹ̀ ṣì pé. Vilay ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun kò gbọ́ kí n sọ̀rọ̀ tó báyẹn rí.

Ẹ̀yìn náà ni mo tún rántí iṣẹ́ abẹ náà. Mo bi í ohun tí a ó ṣe bí Ọjọ́bọ̀ bá kọjá tí ojú náà kò là.

“Bí ó bá kọ̀, màá máa rán yín lọ wo nǹkan fún mi,” ó ní. “Ẹ ti mọ iṣẹ́ náà báyìí.”

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti gbogbo ilé. Bí o bá tan àbẹ́là ní Ọjọ́bọ̀, dárúkọ Manichanh. Ó jókòó tì mí bí mo ti ń kọ ìwé yìí, ó ń béèrè àwọ̀ tí odò wọ̀ nírọ̀lẹ́ yìí. Mo ní ó dàbí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ó ní irọ́ ni, n kò gbójú sókè, kí n dìde lọ sẹ́nu ọ̀nà lọ wò ó dáadáa. Nítorí náà, jẹ́ kí n máa lọ.

                                        Tìrẹ ni mo jẹ́ títí,
                                        Bounthieng.